Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún ojú fóònù, owó ò wọlé: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òpó ní Òṣogbo

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún ojú fóònù dé ọ̀pá kẹrin, síbẹ̀ owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ò wọlé, ìpè ń já, fídíò oníṣẹ́jú kan ń yí róbótó láì ṣí. Ẹni tó bá jókòó sídìí POS fún wákàtí kan nítòsí Ọjà Ọba yóò gbọ́ "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o" títí tí yóò fi sú u. Ìkùnsínú náà tún wá le sí i láti ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, tí NCC, àjọ ìjọba tó ń darí iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Láti 2013 ni iye yẹn ti wà lójú kan, àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì ti bẹ̀bẹ̀ fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kúrò ní náírà 4, ó di 6. Dátà tí èèyàn ń rà tẹ́lẹ̀ kò tún ra bẹ́ẹ̀ mọ́. A ti san owó tuntun, kí ló dé tó jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àná la ṣì ń lò?

Ìdáhùn náà ò sí lójú fóònù. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀pá wọ̀nyẹn ń sọ: bí ìgbì òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó sún mọ́ yín ṣe lágbára tó. Wọn ò sọ iye èèyàn tó ti kún orí òpó náà. Wọn ò sọ bóyá wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ kúrò nídìí rẹ̀ ti já níbì kan. Wọn ò sì sọ ẹni tó lè máa tẹ́tí sí yín. Lójú tèmi, ẹ̀yìn òpó ni ẹjọ́ yìí wà, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú àwa oníbàárà kì í dé.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé náírà 5,000 kan lójú ọ̀nà. Ìyá kan fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn. Ó ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Káàdì SIM kan wà nínú ẹ̀rọ kékeré yẹn, irú èyí tó wà nínú fóònù gan-an. SIM náà ké sí òpó tó sún mọ́ ọn. Òpó gba ọ̀rọ̀ náà, ó jù ú sí òpó mìíràn láti inú àwo róbótó tí ẹ máa ń rí lára rẹ̀, tàbí kó tì í sínú fáíbà, wáyà dígí tínrín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ gbà, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ó dé ojúkò ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó sábà máa ń wà ní Èkó tàbí Àbújá. Láti ibẹ̀ ó kọjá sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ POS, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń so báńkì pọ̀ mọ́ra, ó wá kan báńkì tí owó ìyá náà wà. Báńkì yẹ àkáǹtì wò, ó yọ 5,000, ó dáhùn pé ó ti yá. Èsì yìí ní láti gba gbogbo ọ̀nà yẹn padà sí Òṣogbo kí ẹ̀rọ tó lè tẹ rìsíìtì.

Ìgbà àbọ̀ ni wàhálà máa ń ṣẹlẹ̀. Bí èsì bá sọnù lọ́nà, ẹ̀rọ á dúró dè é títí àkókò rẹ̀ á fi pé, á sì kọ ọ́ síta pé kò ṣeé ṣe. Báńkì ní tirẹ̀ ti yọ owó. Alẹ́ẹ̀tì ti wọlé sórí fóònù ìyá, ọmọbìnrin POS ò rí kọ́bọ̀. Ariwo bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní olè ni ọmọ náà. Kò jí nǹkan kan. Owó náà wà láàárín báńkì méjì tí wọn ò tíì bá ara wọn ṣírò, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń padà wọlé lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ oní-POS fi ń tọ́jú ẹ̀rọ méjì tí SIM wọn yàtọ̀ síra.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé jíjìn tí Èkó jìn ló ń fa ìdádúró. Rárá o. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà nínú fáíbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òṣogbo sí Èkó ò tó 300 kìlómítà, nítorí náà ọ̀rọ̀ á ti lọ, á ti bọ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ìlà ló ń pa wá. Ní oríta kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà yẹn, ẹ̀rọ kan wà tó ń wo ibi tí ìdì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ, tó sì ń yan ọ̀nà fún un. Bí ìdì tó ń wọlé bá ju èyí tó lè jáde lọ, wọ́n á tò. Bí ìlà bá kún, ẹ̀rọ náà á da èyí tó kù nù, fóònù yín á sì ní láti tún un fi ránṣẹ́, èyí tó tún ń fi kún ìlà. Bí ọ̀nà kan bá bàjẹ́ pátápátá, ẹ̀rọ á wá òmíràn, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà kejì bá tóóró, gbogbo ìlú á rọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọjọ́ tí "nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan" ṣe máa ń wáyé nìyẹn.

Ìlà tún wà kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lórí òpó pàápàá. Nínú 2G, ìran kejì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, tí ọ̀pọ̀ fóònù kékeré ṣì fi ń pè, ìkànnì ìgbì kan pín sí àyè mẹ́jọ. Èèyàn mẹ́jọ ló lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òpó sì ń yọ díẹ̀ nínú àyè wọ̀nyẹn fún iṣẹ́ tirẹ̀. Bí èrò bá pọ̀, ilé-iṣẹ́ lè pín àyè kọ̀ọ̀kan sí méjì kí mẹ́jọ di 16. Ohùn ló ń san owó rẹ̀: á tínrín, á máa dún bí ẹni pé inú agolo lẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ ìparí ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògún, tí èrò láti ilẹ̀ yìí àti láti òkè òkun bá ya wọ inú igbó tí UNESCO ti kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005, ẹ wo bí gbogbo wọn ṣe ń gbé fóònù sókè tí wọ́n fẹ́ fi fídíò ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí òpó tí wọ́n kọ́ fún ọjọ́ gbogbo tó lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Kò bàjẹ́; ó kún ni. Wọ́n lè gbé òpó orí ọkọ̀ wá fún ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbi ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá nílùú òyìnbó.

Ìrìn pẹ̀lú ń dá kún un. Bí ẹ bá wà lórí ìpè nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìkìrun, nǹkan bí ìgbà méjì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni fóònù yín ń jíṣẹ́ fún òpó pé báyìí ni mo ṣe ń gbọ́ ọ sí, báyìí ni mo ṣe ń gbọ́ àwọn òpó tó yí wa ká. Nípa ìjíṣẹ́ yìí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó fa ìpè yín lé òpó iwájú lọ́wọ́. Bí òpó iwájú bá kún, tàbí tí epo rẹ̀ ti tán, kò ní gbà á, ìpè á já. Ẹni tó ń gba ọ̀nà kan lójoojúmọ́ á mọ ibi tí ìpè òun ti máa ń já. Ibi kan náà ni nígbà gbogbo, ó sì yẹ kí ilé-iṣẹ́ mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Mo dárúkọ epo. Òṣogbo ni ojúkò tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí wà, National Control Centre tí àwọn ẹlẹ́rọ ti ń wo bí iná ṣe ń lọ láti ìlú dé ìlú. Síbẹ̀, ẹ rìn dé ìdí òpó èyíkéyìí nílùú yìí, jẹnẹrétọ̀ lẹ ó gbọ́. Iná ìjọba ò ṣeé gbára lé; ní 2024, léraléra ni gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Bátìrì ló kọ́kọ́ máa ń gbé òpó ró, dísẹ́ẹ̀lì a sì tẹ̀ lé e. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá wọ́n, tàbí tí àwọn olè bá jí bátìrì gbé lóru, gbogbo àdúgbò á ṣókùnkùn lójú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò tún mọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú òpó wọ̀nyí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ta káàdì fún yín. Àwọn ilé-iṣẹ́ olópòó bí IHS àti American Tower ló ni wọ́n, tí wọ́n ń fi wọ́n háyà. Ẹni tí ẹ ń bú lórí fóònù lè má ní kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ náà lọ́wọ́.

Fáíbà ńkọ́? Wáyà dígí tínrín tó ń gbé ọ̀rọ̀ ìlú kan ṣeé gé ní ìdá ìṣẹ́jú. Kàtàpílà tó ń la ọ̀nà, àwọn tó ń walẹ̀ fún gọ́tà tàbí páìpù omi, olè tó rò pé kọ́pà ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé ọdún 2024, MTN dákẹ́ fún wákàtí púpọ̀ lọ́wọ́ àìmọye oníbàárà, wọ́n sì sọ pé fáíbà ló já níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ̀nà, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì ilẹ̀ wa rọ, áàpù ò ṣí. Ohun tó bàjẹ́ lábẹ́ òkun orílẹ̀-èdè mìíràn ló dá oní-POS Òṣogbo dúró, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń lò lójoojúmọ́, òkè òkun ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Nínú oṣù Òkúdu ọdún yẹn ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu àṣẹ tó sọ irú ohun èlò wọ̀nyí di dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá bà á jẹ́ ti dáràn. Àṣẹ dára. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kàtàpílà tí ẹnì kankan ò fún ní àwòrán ibi tí wáyà gbà, kí ló fẹ́ fi àṣẹ ṣe?

NCC kì í ṣe aláìlófin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2013, ó kéré tán ìpè 98 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ wọlé, èyí tó ń já lójijì kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú 100. Ṣáájú ìyẹn, ní 2012, wọ́n bu owó ìtanràn tó jẹ́ bílíọ̀nù 1.17 náírà lé ilé-iṣẹ́ mẹ́rin lórí nítorí iṣẹ́ tí ò dára. Ìlànà tuntun ti 2024 na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn olópòó náà, kí wọ́n má bàa máa fi ara pamọ́ sẹ́yìn àwọn tó ń ta káàdì. Wọ́n tún pàṣẹ pé bí iṣẹ́ bá dákẹ́ lọ́nà ńlá, kí ilé-iṣẹ́ kéde rẹ̀ fún aráàlú, bí ó bá sì kọjá wákàtí 24, kí wọ́n san ohun kan padà fún oníbàárà, bóyá nípa fífi ọjọ́ kún dátà.

Mi ò bá wọn jà lórí ìlànà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ni mo ní ẹjọ́ sí. Bí wọ́n bá da gbogbo òpó ìpínlẹ̀ kan pọ̀ kí wọ́n tó pín in, òpó dáradára tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹkitéríátì ní Abẹ́ré á bo àṣírí èyí tó ń kú lójoojúmọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nọ́ńbà á dára lórí ìwé, ẹni tó ń ta ẹja lágbègbè náà ò ní rí i.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ààbò, nítorí ojú ọ̀nà kan náà ni ewu wà. Nínú 2G, òpó máa ń bi fóònù pé ta ni ọ́, fóònù kì í bi òpó. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tó ń ṣe bí òpó lè fa àwọn fóònù àyíká sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ bí ẹni pé báńkì ló kọ ọ́. 3G ló kọ́kọ́ tún èyí ṣe, tí fóònù àti òpó fi ń dá ara wọn mọ̀. Àwọn Android kan láti ẹ̀dà 12 ní àyè tí ẹ ti lè pa 2G. Kí ẹ tó pa á, ẹ rántí pé níbi tí 4G tàbí 3G ò bá dé, kò ní sí ìpè rárá, àfi ti pàjáwìrì.

Ihò tó tóbi jù wà láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn. Èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n fi ń béèrè pé oníbàárà yìí wà níbo, kí a gbé ìpè rẹ̀ gba ibo, SS7 ni wọ́n ń pè é, àwọn ọdún 1970 ni wọ́n sì gbé e kalẹ̀. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ò pọ̀ lágbàáyé, wọ́n sì mọ ara wọn. Agboolé àtijọ́ ni: kò sí ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, nítorí pé kò sí àlejò. Lónìí, àlejò ti kún inú agboolé, kọ́kọ́rọ́ ò sì tíì sí. Ní ìparí ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ààbò méjì, Karsten Nohl àti Tobias Engel, fi han gbangba ní Hamburg, ní Jámánì, pé ẹni tó bá ráàyè wọ SS7 lè mọ ibi tí fóònù wà, ó sì lè gba àtẹ̀jíṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní 2017, àwọn olè lo ọ̀nà yìí gan-an láti gba nọ́ńbà ìdánilójú tí báńkì fi ń ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà kan ní Jámánì, wọ́n sì kó owó wọn lọ.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìpè ohùn lórí 4G ní àyè pàtàkì: ìlànà fún un ní mìlísẹ́kọ́ńdì 100 láti kọjá, nígbà tí dátà lásán ní 300, tí ó sì ń tò sẹ́yìn. Ìpè WhatsApp, dátà lásán ló jẹ́ lójú òpó. Ẹ̀yìn ìlà ló wà, ìdí nìyẹn tó fi ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nírọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé bá ń wo fídíò. Ṣùgbọ́n láti 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti fóònù dé fóònù. Ìpè tí òpó ń fún láyè ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò nípọn, èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nípọn ni wọ́n tì sẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ máa yan.

Ṣé èyí tó yẹ kó dẹ́rù ba ará Òṣogbo jù nìyẹn? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Gbájú-ẹ̀ àdúgbò kì í wá SS7. Ó ń wá "welcome back". Ó ti gba orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín, bóyá NIN yín pàápàá, á mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba SIM tó sọnù padà, á ní òun ni yín. Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, SIM ọwọ́ yín á kú, tirẹ̀ á jí, gbogbo nọ́ńbà ìdánilójú báńkì á sì máa wọ ọwọ́ rẹ̀. Àmì rẹ̀ kò ṣòro: ọ̀pá fóònù yín pòórá lójijì, ti aládùúgbò tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà sì wà digbí. Ẹ má ṣe sùn lé e. Ẹ gba fóònù ẹlòmíràn, kí báńkì ti àkáǹtì pa kí ẹ tó wá ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Òfin ìforúkọsílẹ̀ SIM ti le láti ìgbà tí NCC ti bu ìtanràn tó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà lé MTN lórí ní 2015 nítorí nọ́ńbà tí kò forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n wá dín in kù sí bílíọ̀nù 330 ní 2016. Ṣùgbọ́n èèyàn ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe "welcome back", èèyàn sì ṣeé tàn jẹ, ó sì ṣeé fowó rà.

Ọ̀nà kejì tí nọ́ńbà yín lè gbà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ò ní olè nínú rárá. SIM tí ẹ ò fi pè, tí ẹ ò fi ra nǹkan fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ lè pa á, nígbà tó bá yá wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣì wà lọ́dọ̀ báńkì, alẹ́ẹ̀tì yín á máa dún nínú àpò ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Ẹ yọ ọ́ kúrò ní báńkì kí ẹ tó ju SIM sínú dúrọ́ọ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ fi ẹjọ́ sùn: 300 ni nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo báyìí. Ẹ pè é, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ wọn. Bí wọn ò bá yanjú rẹ̀, 622 ni ti NCC, ọ̀fẹ́ sì ni. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òṣogbo ò dára" kò lè ran ẹlẹ́rọ lọ́wọ́. "Òkè-Fìà, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, ìpè ń wọlé ṣùgbọ́n dátà ò rìn" yóò jẹ́ kó mọ òpó tó yẹ kó lọ yẹ̀ wò àti irú ìlà tó yẹ kó wá.

Bí ó bá sì sú yín pátápátá, láti oṣù Igbe ọdún 2013 ni èèyàn ti lè mú nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn láì yí i padà. Kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́ kó lọ bóyá tirẹ̀ náà máa ń dákẹ́ ní wákàtí kan náà pẹ̀lú tiyín. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí òpó kan ṣoṣo lẹ̀yin méjèèjì wà, jẹnẹrétọ̀ kan ló sì ń gbé e ró.